Ẹ Fún Oníṣọ́ọ̀bù Kékeré ní Ọjọ́ Mẹ́rìnlá

Ní àwọn òpópónà Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò, láti Rye Lane ní Peckham dé Deptford, láti Woolwich dé Ridley Road ní Dalston, ìpè kan wà tó ń dún léraléra sí ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti iṣu. Ẹni tó ń pè máa ń sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó mọ àdírẹ́sì, ó sì mọ iye tí ìjọba dá lé ilé náà láìfi pọ́n-ùn kan ṣì í. Á ní àwọn ti yẹ ìwé wò, pé owó réètì tí oníṣọ́ọ̀bù ń san ti pọ̀ jù, pé owó kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó gbà padà, ṣùgbọ́n pé àyè rẹ̀ kò ní pẹ́ tì. Bí onítọ̀hún bá ní òun fẹ́ rò ó, wọn á tún pè lọ́la, wọn á pè lọ́túnla, wọn á pè nígbà tó ń dirun fún oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ ìlajú ni èyí, pé ẹni tí wọ́n bá fi gbájúẹ̀ mú ni kò gbọ́n tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó fún àwọn oníjìbìtì wọ̀nyí lágbára ni pé òfin ilẹ̀ England ka obìnrin tó ń dirun nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan sí ẹgbẹ́ ilé ìtajà ńlá bíi Tesco. Bó bá ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé wá báyìí, kò sí ìpadà sẹ́yìn fún un mọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe.

Fún ẹni tí kò gbé ibẹ̀, owó réètì ni owó orí tí káńsù ń gbà lórí ilé tí a fi ń ṣòwò: ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rù, búkà. Ẹ̀ka ìjọba kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Valuation Office Agency, ìyẹn VOA, ló ń dá iye lé ilé kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń wò ni iye tí èèyàn lè fi háyà irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Ìjọba àpapọ̀ á wá sọ iye pẹ́ǹsì tí káńsù yóò gbà lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan nínú iye náà. Láti oṣù kẹrin 2020 títí di oṣù kẹta 2026, 49.9 pẹ́ǹsì ni ti oníṣòwò kékeré. Ká ní £11,500 ni wọ́n dá lé ṣọ́ọ̀bù kan ní àwọn ọdún yẹn, owó réètì rẹ̀ lọ́dún kan á jẹ́ £5,738.50. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tó ní ilé ìṣòwò kan ṣoṣo, tí iye tí wọ́n dá lé e kò sì ju £12,000 lọ, kò ní san kọ́bọ̀. Láti £12,000 lọ sí £15,000, ẹ̀dínwó náà á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ £13,500 á san ìdajì. Ọ̀dọ̀ káńsù ni wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀dínwó yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ìjọ wa tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ ní Old Kent Road pẹ̀lú ní tiwọn: ibi ìjọsìn tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kì í san réètì rárá. Kò sí èyí tó gba alágbàwí nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí.

Kí ló wá dé tí ẹ̀tàn náà fi ń wọlé? Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ tí ẹni tó ń pè fi ń dẹ́rù bani. Bí àjèjì bá ka iye tí wọ́n dá lé ṣọ́ọ̀bù ẹni síni létí lórí fóònù, ó rọrùn láti gbà pé inú ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tí iye wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orí GOV.UK ló wà gbangba. Ẹni tó bá ti mọ postcode òpópónà kan lè rí iye gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ohun kejì ni àkókò. Wọ́n tún iye gbogbo ilé ìṣòwò dá ní 2017, wọ́n tún un dá ní 2023, òfin sì ti sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta mẹ́ta báyìí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2026 dúró lórí bí owó háyà ṣe rí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024. Ẹ̀dínwó tí wọ́n fún ṣọ́ọ̀bù àti búkà látìgbà àrùn Kòrónà náà kò dúró sójú kan: ní ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ó jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ní oṣù kẹrin 2025 wọ́n dín in kù sí 40. Ẹni tí ìwé owó orí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ ibi tí nǹkan dé. Bí lẹ́tà tuntun bá dé, tí iye inú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àná, àyà á já, ìgbà náà gan-an ni fóònù máa ń dún.

Ohun kẹta kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá ti tajà rí ní Mushin tàbí ní Dùgbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá ní káńsù ló rán òun kì í ṣe ẹni tí a ń sọ fún pé kó lọ kó bọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kì í tán lára èèyàn nítorí pé ó wọ bàálù. Ó sì mọ̀ pẹ̀lú pé nílé, ọ̀rọ̀ ìjọba kì í yá bí kò bá sí ẹni tó ń báni rìn ín, nítorí náà ẹni tó bá ní òun yóò bá a rìn ín kò ṣàjèjì sí i. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń ṣe é. Ìrírí tó fi yè nílé ni wọ́n ń lò láti fi mú un lókè òkun, èyí sì ń dùn mí púpọ̀, nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìpè ni àbẹ̀wò máa ń tẹ̀lé. Ẹnì kan á wọlé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn àti tablet lọ́wọ́, á ní kí wọ́n kàn buwọ́ lù ú níbí kí òun lè bá wọn yẹ ìwé wọn wò. Ìwé àdéhùn ni wọ́n buwọ́ lù yẹn. Nígbà mìíràn owó àsansílẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú VAT lórí, tí kò ní padà wá bí iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ yọrí sí rere. Nígbà mìíràn wọ́n á ní àwọn kò ní gba nǹkan kan bí réètì kò bá dín, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yóò máa gba ìpín nínú owó yòówù tó bá dín, láìka ohun tó mú un dín, fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù £11,500 yẹn. Ká ní ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ. Aṣojú náà á tọrọ ẹ̀dínwó ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ káńsù, èyí tí oníṣọ́ọ̀bù lè fúnra rẹ̀ tọrọ. Réètì á di òdo. Òun á wá máa gba £1,721.55 lọ́dọọdún lórí gbèsè tí kò sí mọ́. Lọ́dún mẹ́ta, ó ti lé ní £5,000. Àwọn kan tún burú ju èyí lọ: wọ́n á ní kí oníṣọ́ọ̀bù dáwọ́ réètì sísan dúró títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Irọ́ pọ́ńbélé ni. Bí ìdíyelé bá tilẹ̀ wà lábẹ́ àyẹ̀wò, owó tó wà nínú bíìlì ni káńsù ń retí. Bí kò bá rí i, ilé ẹjọ́ májísíréètì ló ń lọ, bélíìfù ló sì ń tẹ̀lé e. Wọn kì í sọ fún un rárá pé iye tí a bá ní kí VOA tún wò lè gòkè bí ó ṣe lè sọ̀ kalẹ̀.

Ìpè yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyà. Ẹni tó wà nílé lè pa fóònù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò lè pa tirẹ̀, nítorí orí nọ́mbà kan náà ni oníbàárà ti ń béèrè bóyá àyè wà lọ́sàn-án òní. Òfin kan wà lórí èyí láti 2003. Ẹni tó ń dá ṣòwò lè forúkọ nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Telephone Preference Service, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kọ́ńpìnnì á lọ sí Corporate Telephone Preference Service, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, lẹ́yìn ọjọ́ 28 ẹni tó bá tún pe nọ́mbà náà láti polówó ọjà láìgbàyè ti rú òfin. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní ICO lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. £500,000 ni òkè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 sì là á sílẹ̀ pé ó lè tó £17.5 mílíọ̀nù tàbí 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ náà. Ìjìyà náà tóbi lójú ìwé. Àmọ́ ta ni yóò mú? Nọ́mbà tó hàn lórí fóònù lè jẹ́ ayédèrú. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lónìí lè ti sọ ara rẹ̀ ní orúkọ mìíràn kí oṣù tó parí. Lékè gbogbo rẹ̀, orí ẹni tí wọ́n ń pè ni òfin gbé ẹrù lé: òun ni kó mọ̀ pé ìwé kan wà tó yẹ kóun forúkọ sí, òun ni kó wá a lọ, òun náà ni kó máa kọ déètì àti nọ́mbà sílẹ̀ láàárín oníbàárà kan àti èkejì.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi gbé wà báyìí. Láti 2014 ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2013 ti ń dáàbò bo ẹni tó bá rajà láti ilé rẹ̀. Bí olówó kan bá ra tẹlifíṣọ̀n olówó gọbọi lórí fóònù, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní láti fi yí èrò rẹ̀ padà, kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn láti ta ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fún un, ọjọ́ mẹ́rìnlá náà ni. Ṣùgbọ́n bí onídìrí bá buwọ́ lu ìwé réètì lórí káńtà rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé sì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tó ní 'Màmá, kí lẹ buwọ́ lù yìí?', kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo fún un. Òfin ní oníṣòwò ni, kì í ṣe ẹni tó ń rajà fún ilé rẹ̀. Òfin kò wo owó tó ń wọlé fún un, kò wo iye ènìyàn tó gbà síṣẹ́, kò wo bóyá ó ní lọ́yà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn nìkan ì bá ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òwò yìí, nítorí pé orí ìkánjú ló dúró lé. Ẹ̀tàn tí ó gbọ́dọ̀ wọlé kí ọ̀sán tó pọ́n kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n, akọ̀wé-owó àti òṣìṣẹ́ káńsù ti fojú sí i.

Àwọn kan á ní òfin wà fún un bí wọ́n bá purọ́ fún un. Lóòótọ́ ni. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2008 ka ìpolówó ẹ̀tàn sí oníṣòwò sí ẹ̀ṣẹ̀, òfin 1967 sì gba ẹni tí wọ́n fi irọ́ fà wọ inú àdéhùn láàyè láti pẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà 2008 yẹn wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Trading Standards ti káńsù, kò fún oníṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti fi gba owó rẹ̀ padà. Ní ti ẹjọ́, inú fóònù ni wọ́n ti purọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ìwé tó buwọ́ lù ló wà ní ọwọ́ alátakò. Tí wọ́n bá wá kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ń gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí £1,700, ẹni tó ń bẹ̀rù pé orúkọ òun á bàjẹ́ níwájú báǹkì á kúkú san án. Ẹ̀tọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kó tó lè lò kò jìnnà sí pé kò ní in.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn aṣojú olóòótọ́, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn sọ̀fíò wà tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, tí wọ́n wà lábẹ́ RICS tàbí IRRV, àwọn ẹgbẹ́ tó lè bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣìwà hù wí. Ilé ńlá tó ní àjà mẹ́ta, tí VOA ti wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, nílò wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀pọ̀ gba owó padà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti 2017: kí oníṣọ́ọ̀bù yẹ àkọsílẹ̀ ilé rẹ̀ wò lọ́dọ̀ VOA, ọ̀fẹ́ ni, kí ó tako iye tí wọ́n dá, ọ̀fẹ́ ni, ìgbà tó bá fẹ́ lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ló tó san owó, £150 sì ni fún oníṣòwò kékeré, tí wọ́n á dá padà bó bá jàre. Iṣẹ́ tí aṣojú olóòótọ́ ń ṣe lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, àní ó lè kọjá ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní pa á lára. Ẹni tí yóò pa lára ni ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò ní fọwọ́ sí ìwé mọ́ bó bá ti kà á tán.

Wọ́n tún máa ń sọ pé òwò kò ní lè rìn bí àdéhùn láàárín oníṣòwò méjì bá lè wó lẹ́yìn tí wọ́n ti bọwọ́. Ofgem, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná àti gáàsì, gbé irú àbá ọjọ́ mẹ́rìnlá bẹ́ẹ̀ jáde ní 2020 fún àwọn oníṣòwò tó kéré jù, wọ́n sì pa á tì ní 2022. Mo lóye ti iná. Ẹni tó ń ta iná ti lọ rà á sílẹ̀ ní ọjà ní iye ọjọ́ yẹn. Bí oníbàárà bá fà sẹ́yìn, iye lè ti já, òfò á sì wà. Kí ni aṣojú réètì rà sílẹ̀? Kò ra ohunkóhun. Fọ́ọ̀mù ló fẹ́ kọ. Síbẹ̀ Ofgem kò dá ọwọ́ dúró níbẹ̀: láti oṣù Kejìlá 2022, aṣojú tó bá ń ta iná fún àwọn oníṣòwò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ti lè parí ẹjọ́ láìlọ sí kóòtù. Láti oṣù kẹrin 2019, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó £6.5 mílíọ̀nù lè gbé ẹjọ́ báǹkì wọn lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, bí gbogbo ará ìlú ti ń ṣe. Nítorí náà òfin mọ̀ pé oníṣòwò kékeré kì í ṣe ẹgbẹ́ báǹkì, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣojú oníná. Orí réètì nìkan ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀.

Bákan náà ni ti ìpè. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ni wọ́n fòfin de àwọn tó ń pe ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ pé àwọn á bá wọn gba owó ìjàǹbá tàbí owó báǹkì padà. Àfi bí ẹni tí wọ́n ń pè bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2019, wọ́n de ìpè lórí owó ìfẹ̀yìntì. Kò sí ẹni tó ní kí àwọn arúgbó lọ máa forúkọ sílẹ̀ kiri kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ wọn; orí ẹni tó ń pè ni wọ́n gbé ẹrù náà sí. 'A á bá yín gba owó réètì padà' jẹ́ ọmọ ìyá àwọn ìpè yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọra, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbowó jọra. Kò sí ìdí kan tí n lè rí tí ọ̀kan fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí èkejì sì jẹ́ òwò. Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́: ní 2023, nígbà tí wọ́n ń gba èrò ará ìlú lórí bí àwọn kan ṣe ń sá fún réètì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú oníwà burúkú kún un. VOA náà ti kọ ìlànà ìwà tó ń retí lọ́wọ́ aṣojú. Ìkìlọ̀ nìyẹn, ìkìlọ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bẹ̀rù òfin kò ní bẹ̀rù ìlànà.

Ohun kan tún wà lọ́wọ́ káńsù tí kò nílò ilé aṣòfin. Owó tí àwọn aṣojú wọ̀nyí ń jẹ jù lọ lára oníṣọ́ọ̀bù kékeré ni ẹ̀dínwó tí kò tíì tọrọ. Káńsù mọ iye tí wọ́n dá lé ṣọ́ọ̀bù náà, ó mọ ẹni tó ń sanwó. Ohun tí kò lè mọ̀ tán ni bóyá onítọ̀hún ní ilé ìṣòwò mìíràn níbòmíràn ní England. Ìbéèrè kan péré nìyẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú bíìlì àkọ́kọ́ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kóun tó bá yín tọrọ ẹ̀dínwó yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ní Southwark, níbi tí Peckham wà, kò ní burú bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún lónìí kò lè dúró de òfin. Kó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ ẹni tó ń pè, kó gbé fóònù sílẹ̀, kó wá fi nọ́mbà tó wà lórí bíìlì rẹ̀ pe káńsù. Kó má buwọ́ lu ohunkóhun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, ìbáà jẹ́ orí tablet. Bó bá ti buwọ́ lù ú, kó kọ̀wé sí wọn kíákíá pé òun kò ṣe mọ́, kó sì gbé ìwé náà lọ sí Citizens Advice kó tó san kọ́bọ̀, nítorí bí wọ́n bá ti purọ́ fún un láti mú un buwọ́ lùwé, àdéhùn náà lè má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta náà kò bá yẹ̀, oṣù kẹrin 2029 ni ìdíyelé tó ń bọ̀, àwọn tó ń pè á sì ti tẹ́ tábìlì wọn ṣáájú rẹ̀. Àkókò wà láti fi ìpè réètì kún ìpè tí wọ́n fòfin dè ní 2018, kí wọ́n sì na ọjọ́ mẹ́rìnlá inú òfin 2013 dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kékeré tó ń gba ẹ̀dínwó réètì. Àwọn tó ń ṣojú Peckham, Deptford, Woolwich àti Hackney nílé aṣòfin máa ń wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí wá ìbò. Orí káńtà ibẹ̀ ni kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti bi wọ́n bóyá wọ́n á gbé e síwájú ilé, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.